Ajá bù ú jẹ, ojú ọgbẹ́ ti jinná: ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá aládùúgbò wa bu ọkọ mi jẹ lẹ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ lu ajá náà pa, wọ́n sì sè é jẹ. Wọ́n jó irun rẹ̀, wọ́n pò ó mọ́ epo pupa sójú ọgbẹ́. Kẹ́mísìtì wa gún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò sì fi nǹkan kan hàn. Àgbo wo ni kó máa mu kí oró ajá náà lè jáde tán? Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ fi àgbo sílẹ̀ ná. Ajá kò ní oró bí ejò. Fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú itọ́ ajá dìgbòlugi, ọpọlọ ló sì ń wá lọ. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, kì í sì í ṣe kí "ojú ọgbẹ́ ti jinná" má sí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pa wọ́n.

Kí ọgbẹ́ jinná kò kan fáírọ́ọ̀sì yìí rárá. Bó bá ti wọnú ẹran ara, iṣan ìmọ̀lára ló máa gbà lọ sí ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì lè tó ọdún kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ara onítọ̀hún á yá gágá, á máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè rí i kí àmì tó yọ, nítorí náà ẹ má gbójú lé èsì tí wọ́n fún yín.

Ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì náà bá dé ọpọlọ, ojú àpá yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Ibà á dé, àìsùn á tẹ̀ lé e. Òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, àmọ́ bí wọ́n bá gbé ife omi dé ẹnu rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á fún pọ̀, á ti ife náà dànù, á sì tún máa bẹ̀bẹ̀ fún omi. Atẹ́gùn fáànù lásán lè mú kí ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ará ilé máa ń ní wọ́n ti sà sí i, tí wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ẹlòmíràn ò tilẹ̀ ní ṣe bíi wèrè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn máa rọ. Bí àmì bá ti yọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń là á já. Kò sí oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò sí lọ́wọ́ babaláwo, kò sí ní òkè òkun.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni abẹ́rẹ́ kẹ́mísìtì ń dènà, kò kan dìgbòlugi.

Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba lónìí. Bí àmì kò bá tíì yọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pẹ́ jù. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó lọ, torí kì í ṣe ibi gbogbo ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ti wà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́: ọjọ́ tó bá débẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ 3, lẹ́yìn ọjọ́ 7, àti èyí tó kẹ́yìn láàárín ọjọ́ 14 sí 28. Ètò ibòmíràn yàtọ̀. Tiwọn ni kó tẹ̀ lé, kó má fo ọ̀kankan. Ẹ tún bèèrè bóyá ó nílò immunoglobulin, ìyẹn èròjà tó ń bá fáírọ́ọ̀sì náà jà lójú ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ń gún sí ojú ibi tí ajá bù jẹ gan-an. Ó wọ́n gógó. Èmi kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà tó bá rí i ló máa pinnu.

Ẹ̀yin tó kù tó ń kà á: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ tó máa wá ọkọ̀. Kì í ṣe irun ajá!

Ta ló tilẹ̀ ní kí wọ́n pa á? Ńṣe là ń so irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, ká ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, kí ẹni tó bù jẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹran tó jinná dáadáa kò bà mí lẹ́rù. Ẹni tó fi ọwọ́ lásán kun ún ńkọ́, bóyá tí ọ̀bẹ tún ti gé e lọ́wọ́? Ẹ bá mi wá a, kó tẹ̀ lé ọkọ yín lọ.