Ìbéèrè Yín Lórí Ohun Èlò Orin: Nígbà Tí Ohùn Jìtá Báàsì Gbọ́dọ̀ Wálẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú wa. Ìgbógbò, ní Ìkòròdú, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Èmi ni mo ń ta báàsì fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ohùn adarí orin wa tuntun kò ga rárá, nítorí náà a gbé gbogbo orin wálẹ̀. Mo dẹ okùn E mi, èyí tó nípọn jù, títí ó fi di C, mo sì mú àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni okùn tó nípọn jù ti ń lù mọ́ fíréètì (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá), tí ohùn rẹ̀ ń ṣe wóróworo. Bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ ní fíréètì karùn-ún, kò bá kíbọ́ọ̀dù mu mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fún irin tó wà nínú ọrùn jìtá náà le. Ṣé kí n fún un? Tòkunbọ̀ olókùn mẹ́rin ni.

Ìdáhùn: Ẹ má fún un. Ìmọ̀ràn tí ọ̀rẹ́ yín mú wá lòdì sí ohun tí jìtá yín ń fẹ́. Irin tí wọ́n ń pè ní truss rod wà nínú ọrùn láti máa ta ko agbára tí okùn fi ń fa ọrùn náà síwájú. Nígbà tí ẹ dẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, okùn kò fà á tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n irin náà ṣì ń fa tirẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ọrùn sì ti tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹ bá tún fún un le, fíréètì yóò túbọ̀ sún mọ́ okùn, ariwo tí ẹ ń sá fún yóò sì di ìlọ́po. Bí irin náà yóò bá tilẹ̀ yí rárá, dídẹ̀ ni yóò dẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá C tó wà nísàlẹ̀ E ni orin yín ń fẹ́ lóòótọ́, tàbí ẹ kàn fẹ́ kí ìka yín máa lọ síbi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Oní-kíbọ́ọ̀dù lè tẹ bọ́tìnnì transpose, èyí tó ń gbé gbogbo ohùn sókè tàbí wálẹ̀, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ (a ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni), ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta báàsì kò nílò irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kan náà tí ìka ń gbà ta kíì G ló ń gbà ta kíì F, bí ó bá ti sún ọwọ́ díẹ̀ lórí ọrùn. Bó bá jẹ́ pé kíì D nìkan ló ń yọ yín lẹ́nu, okùn E nìkan ni kí ẹ dẹ sí D, kí ẹ fi A, D àti G sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ọ̀pọ̀ jìtá ni yóò gba ìyẹn láìsí àtúnṣe kankan. Ìgbà tí ìpìlẹ̀ orin bá gbọ́dọ̀ dún ní C gẹ́lẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin rẹ̀, ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí tó yẹ ní ṣíṣe.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu ohùn okùn: gígùn rẹ̀, ìwúwo rẹ̀, àti bí a ṣe fà á le tó. Gígùn kò sí lọ́wọ́ yín. Ìwọ̀n íǹṣì 34 tí Leo Fender lò fún báàsì Precision ní ọdún 1951 ni ọ̀pọ̀ báàsì ṣì ń lò títí di òní, láti òkè ọrùn, níbi tí okùn ti ń lọ sí pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń túùnù, títí dé orí bríìjì tó gbé okùn dúró lára jìtá, okùn E sì ni wọ́n ṣe ìwọ̀n náà fún. Ohun tí ẹ fọwọ́ kàn ni fífà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Okùn E ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, C sì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 33. Ẹni tó bá wo iye méjèèjì lè rò pé ìdá márùn-ún kan péré ni okùn pàdánù, ṣùgbọ́n agbára tí okùn fi ń fà ń yára dín kù ju ohùn lọ. Okùn tó kúrò ní E bọ́ sí D kò ní ju ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lọ mọ́. Èyí tó dé C kò ní ju 63 lọ. Èyí tó dé B, nǹkan bí 56. Okùn yín ti sọ ju ìdá mẹ́ta kan agbára rẹ̀ nù. Ìdí nìyí tó fi ń jù gbooro tó ń lu fíréètì nígbà tí ìka bá kàn án, ìdí nìyí náà tí kò fi bá kíbọ́ọ̀dù mu ní fíréètì karùn-ún, torí pé okùn tó bá ti dẹ̀ bẹ́ẹ̀, títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìkan ti tó láti fà á kí ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìwúwo nìkan ló kù. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí okùn yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 45-105 níbẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé okùn tó nípọn jù jẹ́ íǹṣì 0.105. Okùn yìí kì í ṣe ti C. Ẹ ra páálí okùn báàsì olókùn márùn-ún, èyí tí okùn B rẹ̀ jẹ́ 130, kí ẹ rí i pé wọ́n kọ long scale (ìyẹn, ti ọrùn gígùn) sí i lára. Ẹ fi èyí tó tín-ínrín jù pa mọ́, kí ẹ fi mẹ́rin yòókù sórí jìtá, kí ẹ túùnù wọn sí C, F, B fúláàtì àti E fúláàtì. Okùn 130 tó wà ní C yóò fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti 105 tó wà ní E. Ẹni tó bá fẹ́ dúró ní D, páálí 50-110 tó fún un. Bí ẹ bá ń fi okùn tuntun sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, kí ẹ sì kọ́kọ́ tẹ orí okùn ní igun kí ẹ tó gé e, kí wáyà tí wọ́n fi wé e má baà tú.

Okùn 130 kò ní wọ inú ihò tí wọ́n gé fún 105. Lókè ọrùn, níbi tí okùn ti ń lọ sí pẹ́ẹ̀gì, eegun tàbí ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní nut, tí a gé ojú ihò mẹ́rin sí. Bí okùn tuntun bá jókòó sórí ihò náà dípò inú rẹ̀, yóò ga lókè, fíréètì àkọ́kọ́ yóò sì máa dún ga jù. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ sùúrù ju gbogbo èyí tó kù lọ. Àwọn tó ń tún jìtá ṣe ní fáìlì tí ojú rẹ̀ bá ìnípọn okùn kọ̀ọ̀kan mu. Ẹni tí kò bá ní i lè wé páálí iyanrìn tó kúnná mọ́ okùn àtijọ́ kan tó tín-ín ju okùn tuntun lọ díẹ̀, kó máa fi fà á lọ fà á bọ̀, kó sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ihò náà máa dà sí ọ̀nà pẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀gbẹ́ ihò ni kí ẹ máa fẹ̀, ẹ má ṣe gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn láìnídìí. Láti mọ̀ bóyá ó ti tó, ẹ tẹ okùn mọ́lẹ̀ ní fíréètì kẹta kí ẹ wo orí fíréètì àkọ́kọ́: àlàfo tó rí bí fọ́nrán irun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí àlàfo kankan, ihò ti jìn jù, nut tuntun lẹ ó rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bíléèdì ayùn irin gé e. Mo ti rí nut tí wọ́n fi í bà jẹ́ ju iye tí mo lè kà lọ.

Ìgbà yìí ni a ó tó dé orí ọrùn. Nígbà tí okùn tuntun bá ti wà ní túùnù, ẹ jẹ́ kí jìtá sun di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́lẹ̀ ní fíréètì àkọ́kọ́ àti ní èyí tó wà níbi tí ọrùn ti pàdé ara jìtá, kí ẹnì kan sì bá yín wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti fíréètì keje. Nǹkan bíi mìlímítà 0.3 ló dára. Ẹ kò nílò láti ra irinṣẹ́ pàtàkì fún èyí: fílà géèjì tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn tápẹ́ẹ̀tì mọ́tò ni, ẹ lè yá a lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ìsọ̀ tó sún mọ́ yín. Bí àlàfo náà bá kéré jù, ẹ yí irin truss rod náà sí apá òsì, ìdá mẹ́rin ìyípo kan péré, kí ẹ tún jìtá túùnù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá pọ̀ jù, apá ọ̀tún ni. Bí ó bá kọ̀ tí kò yí, ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Irin tó bá ṣẹ́ sínú ọrùn tòkunbọ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ lè ju iye tí ẹ ra jìtá lọ. Níhìn-ín ní Ìkòròdú, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́ sí wa lára lójoojúmọ́, igi ọrùn ń mu omi nígbà òjò, ó sì ń gbẹ nígbà ọyẹ́, nítorí náà ẹ tún un wọ̀n nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà.

Bríìjì ló gbẹ̀yìn. Ẹ gbé okùn tó nípọn jù sókè tó mìlímítà 2.5 sí 3 ní fíréètì kejìlá, torí pé okùn ìsàlẹ̀ ń fẹ́ àyè láti gbọ̀n. Ẹ wá fi ohùn tó ń jáde nígbà tí ẹ bá rọra fọwọ́ kan okùn lókè fíréètì kejìlá wé èyí tó ń jáde nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ fa ìjókòó okùn náà, irin kékeré tí okùn gùn lé lórí bríìjì, sẹ́yìn. Okùn tó nípọn sábà máa ń fẹ́ lọ sẹ́yìn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí síprín-ìn bríìjì bá dí i lọ́nà, ẹ lè yọ síprín-ìn náà kúrò.

Ìbéèrè: Láti Ẹ̀pẹ́: Áàpù tí mo fi ń túùnù lórí fóònù kì í gbọ́ okùn B mi. Nígbà mìíràn yóò ní F ni. Ṣé fóònù ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Fóònù kò bàjẹ́. B yẹn ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, máíìkì kékeré inú fóònù kò sì gbọ́ ohùn tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ohùn kejì tàbí ẹ̀kẹta tó ń bá a jáde ló ń gbá mú. Ẹ̀kẹta yẹn gan-an ni F ṣáàpù, áàpù yín kò kúkú parọ́ púpọ̀. Ẹ rọra fọwọ́ kan okùn lókè fíréètì kejìlá, ẹ ta á, yóò ká a. Èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń há mọ́ orí jìtá, nítorí gbígbọ̀n igi ló ń gbọ́, kì í ṣe ariwo yàrá.

Ìbéèrè: Láti Èbúté, Ìkòròdú: Mo ń ta báàsì ní òde àríyá ní Sátidé ní E, mo sì ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè ní C. Ṣé mo lè máa dẹ okùn kí n sì máa fà á padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe tí mo ṣàlàyé lókè yìí, jìtá náà ti di ti C. Tí ẹ bá fa okùn 130 dé E, ìfàle tó ju ti C lọ ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ni yóò wọ ọrùn, ọrùn yóò sì tẹ̀ síwájú. Ẹ ra báàsì olókùn márùn-ún tí ẹ bá lágbára rẹ̀, torí B tó wà níbẹ̀ ti kọjá C tí ẹ ń wá, E yín yóò sì wà níbi tó wà. Bí owó kò bá tíì tó, ẹ fi jìtá tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ní E fún àríyá, kí ẹ sì ta C ti ṣọ́ọ̀ṣì ní fíréètì kẹta okùn A títí owó yóò fi dé.