Ṣé lóòótọ́ ni "afọ́jú" ni ìtumọ̀ Cecilia?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ma. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí mo bí ọmọbìnrin, mo sì fẹ́ fi orúkọ ìyá mi tó dolóògbé lọ́dún tó kọjá sọ ọ́: Cecilia. Aládùúrà kan ládùúgbò wa fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ pé "afọ́jú" ni ìtumọ̀ orúkọ náà, pé ojú ọmọ á máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kí n mú owó àdúrà wá. Orúkọ wo ni kí n wá sọ ọmọ mi báyìí?

Ìdáhùn: Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Cecilia ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Irú ìbéèrè yìí kò wọ́n lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi gan-an sí àwọn tó ń fi ẹ̀rù abiyamọ jẹun.

Ojú orúkọ Yorùbá ni wọ́n fi ń wo orúkọ òyìnbó. Tiwa, ọ̀rọ̀ ni: ẹni tó sọ ọmọ ní Ayọ̀délé mọ ohun tó ń wí, ẹni tó gbọ́ náà mọ̀ ọ́n. Tàwọn ará Róòmù àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìdílé bàbá ni wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin. Ọmọ ilé Julius ń jẹ́ Julia, ọmọ ilé Cornelius ń jẹ́ Cornelia, ọmọ ilé Caecilius ń jẹ́ Caecilia. Bí ọmọbìnrin bá di méjì nílé, Caecilia náà ni àwọn méjèèjì. Wọ́n á kàn fi Maior, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, àti Minor, ìyẹn àbúrò, dá wọn mọ̀. Bí a ṣe ń gbọ́ Àyànkẹ́ tí a ó ti mọ̀ pé ilé onílù ni, bẹ́ẹ̀ ni Caecilia ṣe ń dún létí wọn.

Ibojì Caecilia Metella, obìnrin kan nílé Caecilius, ṣì wà lẹ́bàá Via Appia, ọ̀nà àtijọ́ kan, lẹ́yìn odi Róòmù, ilé òkúta roboto tó ga fíofío. Ohun tí wọ́n fín sí i kò ju orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti orúkọ ilé ọkọ rẹ̀ lọ. Lẹ́tà F kan ṣoṣo ló dúró fún "ọmọbìnrin". Kò sí ọ̀rọ̀ ojú níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé caecus ni afọ́jú lédè Látìn, ó sì jọ pé ara rẹ̀ ni orúkọ ìdílé yẹn ti yọ, bóyá ìnagijẹ bàbá ńlá wọn kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gbé Cecilia dé ọ̀dọ̀ ìyá yín. Ẹni mímọ́ kan ni, obìnrin Róòmù tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ni ìjọ Kátólíìkì ń rántí rẹ̀, òun sì ni alágbàwí àwọn olórin. Nítorí tirẹ̀ ni àwọn Faransé fi ń jẹ́ Cécile, tí àwọn ará Póláǹdì ń jẹ́ Cecylia. Ní Ireland ó di Síle, ibẹ̀ ni Sheila ti wá. Bí Cecilia bá ń fọ́ni lójú, gbogbo Sheila tí ẹ mọ̀ ìbá ti fọ́jú.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Bí ojú ọmọ bá wú, tó ń ṣe ipin púpọ̀, tàbí tí ẹ rí funfun nínú ọmọlójú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ohun yòówù kó máa jẹ́.

Ìyá yín lọ kí ọmọ yìí tó dé, nítorí náà Yétúndé ti wà nílẹ̀ dè é. Ẹ fi Cecilia tẹ̀ lé e, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìbí gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìbọmi ìyá yín.