Ta Ló Ni Gọ́tà Iwájú Ilé? Àwọn Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀

Láti ìgbà tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá ẹjọ́ lórí owó ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ni lẹ́tà nípa káńsù ti ń rọ́ wọ ọ́fíìsì wa. Bí a ti ń tú wọn wò, a rí i pé owó gọbọi tí àwọn ìwé ìròyìn ń pariwo rẹ̀ kọ́ ló jẹ ọ̀pọ̀ òǹkàwé lógún. Gọ́tà, tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àti ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè. Mẹ́rin nìyí nínú wọn. A kò dárúkọ ìlú kankan, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé ló ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú káńsẹ́lọ̀ tí wọ́n ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Gọ́tà tó gba iwájú ilé mi kọjá ti dí pa láti èṣí. Bí òjò bá ti rọ̀, inú yàrá àwọn àyálégbé mi ni àgbàrá ń gbà. Mo lọ bá káńsẹ́lọ̀ wa, ó ní títì náà kì í ṣe ti káńsù. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n ní kí n padà sí káńsù. Ta ló ni gọ́tà yìí gan-an? — Bàbá onílé kan, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

ÌDÁHÙN: Ẹ kú wàhálà, Bàbá. Ẹni tó ni títì ló ni gọ́tà tó bá a rìn, ọ̀nà mẹ́ta sì ni títì pín sí ní Nàìjíríà: ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ọ̀nà ńláńlá bí èyí tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ títí dé Iléṣà, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Àwọn títì àárín ìlú tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, ọrùn káńsù ni wọ́n wà, nítorí Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ ọ́ ní gbangba pé ṣíṣe ọ̀nà, iná ojú títì àti gọ́tà, àti títún wọn ṣe, jẹ́ ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ohun tí káńsẹ́lọ̀ yín kò sọ fún yín ni pé, bí títì náà bá tilẹ̀ jẹ́ ti ìpínlẹ̀ lóòótọ́, ìdọ̀tí tó dí gọ́tà pa kì í ṣe títì. Kíkó ìdọ̀tí àti ẹ̀gbin dànù wà nínú Àfikún Kẹrin kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ti dá àjọ tiwọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀: kíkó ohun tó dí gọ́tà, èyí tí káńsù lè fi ṣọ́bìrì àti òṣìṣẹ́ díẹ̀ parí láàárín ọjọ́ díẹ̀, àti ṣíṣe gọ́tà tuntun, èyí tó gba owó àti ìlànà. Ẹ má ṣe kó méjèèjì pọ̀ sínú ẹ̀bẹ̀ kan, nítorí wọ́n á fi ti ńlá dá ti kékeré dúró.

Ẹ kọ lẹ́tà sí Alága, kí ẹ darí rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín àti ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ́wọ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e padà sílé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ lè sọnù láàárín tábìlì méjì, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ́wọ́ pé òun rí i rí. Lẹ́yìn èyí ni káńsẹ́lọ̀ yóò gbé àbá dìde nígbà ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ káńsù. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbà á wọlé, ìgbìmọ̀ kékeré tó ń rí sí iṣẹ́ òde yóò gbà á, ẹnjiníà káńsù yóò wá wọn ibẹ̀, yóò ṣírò iye tí sìmẹ́ńtì, iyanrìn, irin àti owó iṣẹ́ yóò jẹ́, ìṣirò yẹn ni wọn yóò sì gbé wọ inú ètò ìṣúná. Alága kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ná owó ìlú sí ohun tí kò sí nínú ìṣúná, ọdún ìṣúná sì ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní. Ẹni tó bá mú lẹ́tà gọ́tà tuntun lọ ní oṣù Kejì ti pẹ́ dé. Ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ń kọ ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, ni kí ẹ gbé tiyín dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bó bá sì jẹ́ aládùúgbò ló ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà náà, ẹ wá wolé-wolé lọ. Àwọn àgbà kò ní gbàgbé bí wolé-wolé ṣe máa ń wọlé pẹ̀lú aṣọ kákí, tí yóò ṣí ìdérí àmù, tí yóò tẹ orí bọ̀ ọ́ láti wò ó bóyá tanwíjí ń jó nínú omi, tí gbogbo ìyàwó ilé á sì dákẹ́ wẹ́lo. Wọ́n ṣì wà ní káńsù títí di òní, wọ́n sì lágbára láti fún onílé ní nótíìsì, kí wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù bí kò bá tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ní tiwa, a rò pé bí wọ́n ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ yìí rẹ̀yìn wà lára ohun tó jẹ́ kí gọ́tà ìlú wa rí bó ṣe rí yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá. Ní ọjà wa, àwọn ọmọkùnrin kan máa ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa láàárọ̀, àwọn mìíràn á tún dé lọ́sàn-án pẹ̀lú tiwọn, gbogbo wọn á sì ní káńsù ló rán àwọn. Tí a bá jiyàn, wọ́n á gbé òṣùwọ̀n wa lọ. Ṣé gbogbo wọn ni káńsù rán lóòótọ́? — Ìyá aláta kan, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ ó tà jèrè o, Ìyá wa. Káńsù lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ọjà. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998 láti to owó orí àti owó ìlú lẹ́sẹẹsẹ fún ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún káńsù ní owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóósì, owó ọjà, owó odò ẹran níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, owó gáréèjì, àti owó ọmọlanke àti ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yọ ọjà tí owó ìjọba ìpínlẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ kúrò, ó sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni dí ojú ọ̀nà láti gba owó orí lọ́wọ́ èrò. (Owó ìwé àṣẹ rédíò wà lára owó tí òfin náà fún káńsù pẹ̀lú, àwọn awakọ̀ tí wọ́n ti dá dúró rí nítorí rédíò inú ọkọ̀ mọ ohun tí à ń wí.)

Owó kankan kò tọ́ ní gbígbà bí ilé ìgbìmọ̀ káńsù kò bá tíì fi òfin ìbílẹ̀ gbé e kalẹ̀, tí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sínú òfin ọ̀hún. Káńsù a máa gbé iṣẹ́ gbígba owó fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, àwọn yẹn á tún gbé e fún àwọn ọmọ tiwọn, ibi tí ayédèrú tíkẹ́ẹ̀tì sì ti ń yọ wọlé nìyẹn. Kí Ìyálọ́jà yín kọ̀wé béèrè ẹ̀dà òfin ìbílẹ̀ tó kan ọjà, kí ó sì gba orúkọ agbaṣẹ́ṣe tí káńsù fọwọ́ sí fún ọdún yìí lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ìṣúná. Ẹ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ wò: orúkọ ìjọba ìbílẹ̀, nọ́ńbà tó tò tẹ̀lé ara wọn, àti iye owó tí a tẹ̀ sí i, tí kì í ṣe èyí tí a fi bíírò kọ. Ẹ tọ́jú ti àárọ̀ síbi tí ọwọ́ yín yóò ti tètè tó o, nítorí owó kan náà kò tọ́ ní gbígbà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lábẹ́ orúkọ kan. Ní ti òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé lọ, ẹni tó bá gbé ẹrù onígbèsè láìsí àṣẹ kóòtù ń wá ẹjọ́ ni, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ì báà jẹ́ ojúlówó.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ ṣe ìgbéyàwó káńsù, mo sì nílò ìwé ọjọ́ ìbí fún ọmọ tí mo ti bí. Ṣé ibì kan náà ni mo ti máa rí méjèèjì? — Ọ̀dọ́bìnrin kan, Ìpínlẹ̀ Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ ọgbà kan náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́fíìsì kan náà. Òótọ́ ni pé ìwé òfin ka ìforúkọsílẹ̀ ìbí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àmọ́ Òfin 69 ọdún 1992 ti gbé iṣẹ́ náà fún Àjọ Ìkànìyàn ti orílẹ̀-èdè, NPC, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wọn wà nínú ọgbà káńsù. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni káńsù fúnra rẹ̀ ń fún ènìyàn, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ní ti ìgbéyàwó, ẹ ó kọ́kọ́ fi ìwé ìkéde sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbéyàwó, yóò lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì ta kò ó, yóò fún yín ní ìwé àṣẹ. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ ìkéde, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì, kí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì sì wà ní ṣíṣí.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní owó ti ń lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù. Alága wa sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sówó. Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ òótọ́? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìpínlẹ̀ Ògùn

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ó ṣeé ṣe kí alága yín máa sọ ìdajì òótọ́. Nínú owó àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774, wọ́n sì tún ní ìdá 35 nínú owó orí ọjà tí à ń pè ní VAT. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àkáǹtì àjùmọ̀ní tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó ni owó yìí ń wọ̀. Ìdájọ́ ọdún 2024 ni pé gómìnà kò gbọdọ̀ di owó náà mú mọ́, pé kí ó lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ káńsù, àti pé ìgbìmọ̀ adelé tí a kò dìbò yàn kò bá òfin mu. Ìdájọ́ wà, ìmúṣẹ rẹ̀ sì ń fà nílẹ̀.

Bó tilẹ̀ wọlé tán, owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, owó ìfẹ̀yìntì irú yín, àti ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń yọ fún àwọn ọba ló kọ́kọ́ ń jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, iye tí káńsù gbà nìkan kò tó láti bi wọ́n. Ẹ béèrè iye tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó oṣù, àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé iye tó kan ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ lè fi ti yín wé ohun tí alága bá sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011, èyí tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó de gbogbo ìjọba, kì í ṣe ti Àbújá nìkan. Ẹ kò ní láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ìròyìn náà ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí wọn kò bá dáhùn, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ ni adájọ́ yóò sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.