Wọ́n San Owó Ọkọ̀ Mi Lọ sí Àpérò ní Geneva: Kí Ni Kí N Lọ Sọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Àkúrẹ́, ó sì ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń yọ̀ǹda ara mi fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ Red Cross. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti kó oògùn lọ sí Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, lọ́dọ̀ àwọn tí òkun ti gba ilé wọn. Mo kọ̀wé nípa iṣẹ́ yìí sí àwọn tí ó ń ṣètò àpérò àgbáyé kan lórí iṣẹ́ ìrànwọ́ ọmọnìyàn ní ìlú Geneva, wọ́n sì fún mi ní sikọ́láṣíìpù. Àwọn ni yóò san owó ọkọ̀ òfurufú, òtẹ́ẹ̀lì fún òru mẹ́rin àti oúnjẹ. Èmi ni n ó kọ́kọ́ san owó físà àti ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò, wọn yóò sì dá a padà fún mi lẹ́yìn náà. Wọ́n ní kí n múra ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀.

Àwọn kan níbi iṣẹ́ ń sọ pé ẹ̀yìn ni ẹni tí wọ́n fi owó àánú gbé wá máa ń jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n má fi owó ara mi ṣòfò. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ohun ìtìjú ni láti lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n sanwó fún? Kí sì ni irú èmi lè sọ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀nyẹn kò tíì mọ̀?

Nọ́ọ̀sì, Òkè-Àró, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Owó tí wọ́n fún ọ kì í ṣe owó àánú. Àwọn tí ó ń ṣètò irú àpérò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ kìkì àwọn tí ó lè dá owó ọkọ̀ wọn san ni ó wá, àwọn tí ó ń pín ìrànwọ́ nìkan ni yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ ibi tí ìṣòro gbé wà. Ohun tí ojú rẹ rí ní Ayétòrò ni wọ́n ń san owó fún.

Mo mọ ìtìjú tí ò ń sọ, nítorí pé ó ti mú èmi náà rí. Nígbà tí mo ṣì ń bá àwọn agbẹ̀bí ṣiṣẹ́ ní agbègbè Oǹdó, wọ́n sanwó fún mi lọ sí irú àpérò bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun. Níbi tí a ti ń forúkọ sílẹ̀, wọ́n fún olúkúlùkù ní káàdì tí a ń fi kọ́rùn. Tèmi ní rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé kan nísàlẹ̀, èyí tí ó ń fi hàn pé sikọ́láṣíìpù ni mo fi wá. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi yí ojú káàdì náà sí àyà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, obìnrin kan láti Bangladesh, tí òun náà ní rìbọ́ọ̀nù, jókòó tì mí nídìí oúnjẹ, ó sì béèrè bí a ṣe ń gbé aláboyún tí ó ń rọbí jáde láti abúlé oko lóru. Mo sọ fún un pé a bá ọlọ́kadà mẹ́ta ṣe àdéhùn, a kọ nọ́ńbà wọn sára ògiri yàrá ìgbẹ̀bí, a sì ń san owó epo fún wọn ní ìparí oṣù. Ó yọ báírò, ó ní kí n tún un sọ, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan iye owó epo. Bí ó ti ń kọ ọ́ ni mo yí ojú káàdì mi síta.

Ìtàn ìlú tí ò ń lọ gan-an yẹ kí ó fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Oníṣòwò ni Henry Dunant, ọmọ Geneva tí ó wà lára àwọn tí ó dá Red Cross sílẹ̀, kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe sójà. Ọ̀rọ̀ òwò ni ó gbé e dé ìhà àríwá Ítálì ní oṣù kẹfà ọdún 1859, nígbà tí ogun Solferino jà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun fara gbọgbẹ́ láìrí olùtọ́jú tí ó tó. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin ìlú Castiglione, tí wọ́n ń fọ ojú ọgbẹ́, tí wọ́n sì ń bu omi fún àwọn tí a tẹ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, láìbéèrè ìhà tí ẹnikẹ́ni ti jà. Nígbà tí ó padà sí Geneva, ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1862. Ní 1863, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn dá ìgbìmọ̀ tí ó di Red Cross sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1864, ìjọba orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí Àdéhùn Geneva àkọ́kọ́. Ẹ̀rí ojú ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe há ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sórí kí o tún lọ kà á fún wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò gba gbogbo ìyà Ìlàjẹ. Mú ohun kan ṣoṣo, kí o sì sọ ọ́ dé orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé omi mímu ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó béèrè oògùn, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì sọ ohun tí ẹ ṣe àti èyí tí ẹ kò lè ṣe. Bí oògùn tí ẹ kó lọ ní ìgbà àkọ́kọ́ kò bá àìsàn tí ẹ bá níbẹ̀ mu, sọ ìyẹn náà, nítorí pé òun ni yóò wúlò jù fún ẹni tí ó ń di ẹrù oògùn ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Rọra máa sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn ògbufọ̀ yóò máa túmọ̀ rẹ̀ sí etí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo bẹ̀ ọ́, má sọ ará Ayétòrò di ẹni ìkáàánú. Àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ ìlú dó ní ọdún 1947 ni wọ́n, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń pín èrè rẹ̀; jẹ́ kí àwọn tí ó ń gbọ́ ọ mọ ìyẹn kí wọ́n tó gbọ́ nípa ilé tí ó wó. Fọ́tò tí o kò bá gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ òbí rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọmọdé, má ṣe gbé e sójú ògiri ní Geneva. Kí o tó lọ, pe àwọn àgbà ibẹ̀ lórí fóònù, kí o bi wọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ kí o sọ fún ayé. Ó ṣeé ṣe kí ó yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí o ti kọ sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí. Béèrè nínú ìwé pé ọjọ́ wo ni wọn yóò dá owó náà padà, àti irú owó wo ni. Tọ́jú gbogbo rìsíìtì, má sì ju ìwé pélébé tí a fi ń wọ ọkọ̀ òfurufú nù, nítorí pé wọ́n sábà máa ń béèrè rẹ̀. Físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni Switzerland, níbi tí Geneva wà, ń lò: a lè béèrè rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn àjò, kò sì yẹ kí ó ku iye tí kò tó ọjọ́ 15 kí o tó béèrè. Iye tí ìnṣọ́ránsì rẹ lè san fún ìtọ́jú rẹ bí àìsàn bá dé kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 owó Yúrò. Páásípọ́ọ̀tù rẹ sì gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lára lẹ́yìn ọjọ́ tí o máa kúrò lọ́hùn-ún. Gba ìwé ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, kí ó lè hàn pé o ní ibi tí o ń padà sí.

Tí o bá dé, kí o tó sọ̀rọ̀ níwájú ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ayétòrò, kí o jókòó, kí o sì ròyìn fún wọn ohun tí o sọ ní orúkọ wọn àti èsì tí wọ́n fún ọ.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àwọn kan kọ̀wé sí ọmọ mi pé ó ti gba sikọ́láṣíìpù láti lọ sí àpérò àwọn aláàánú ní òkè òkun, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ san 150,000 náírà owó fọ́ọ̀mù sí àkáǹtì ẹnìkan. Ṣé kí n san án?

Bàbá Ọlọ́mọ, Yábàá, Oǹdó

ÌDÁHÙN

Ẹ má san án, sà. Ẹni tí ó ń fúnni ní owó ìrìn àjò kì í gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ fún. Owó físà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ḿbásì tàbí iléeṣẹ́ tí ẹ́ḿbásì fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni a ń san án fún, kì í ṣe àkáǹtì ẹnìkan. Kí ọmọ yín fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà àwọn tí ó ń ṣe àpérò náà, kì í ṣe èyí tí ó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i, kí ó sì béèrè bóyá orúkọ òun wà níbẹ̀.