Èkó sí New York: wákàtí mélòó gan-an ni?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin bímọ sí New York, mo sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ lóṣù Karùn-ún. Tíkẹ́ẹ̀tì tó fi ránṣẹ́ sí mi ní Ṣágámù ní bàálù á gbéra ní Ìkẹjà laago 11 alẹ́, á balẹ̀ laago 5 ìdájí. Wákàtí 6 nìyẹn. Tí ìpadàbọ̀ ní á gbéra laago 12 ọ̀sán, á dé laago 3 òru, ìyẹn sì jẹ́ 15! Èwo ni kí n gbà? Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o, Màmá. Wákàtí 11 lẹ máa fi lọ, ẹ ó sì fi 10 bọ̀.

Aago ìlú tí bàálù bá wà ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Aago 11 alẹ́ yẹn, ti Èkó ni. Aago 5 ìdájí yẹn, ti New York ni. Oòrùn máa ń yọ sí wa kó tó yọ sí wọn. Lóṣù Karùn-ún, wákàtí 5 la fi ṣáájú wọn. Nígbà òtútù, ó máa ń di 6. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi balẹ̀, aago 10 àárọ̀ ti lù ní Ṣágámù, àwọn olóbì ti pàtẹ ní Sábó.

Ọ̀nà yẹn jìn, ó tó 8,440 kìlómítà. Ti London kò ju bíi 5,000 lọ. Bàálù ńlá máa ń sáré bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan, àmọ́ ó ń fẹ̀sọ̀ gòkè, ó sì ń fẹ̀sọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀fúùfù líle kan tún wà lókè lọ́hùn-ún tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, á máa kọlu bàálù lójú; tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, á máa tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti tukọ̀ lòdì sí ìṣàn omi rí mọ bó ṣe rí.

Ti oògùn yín ló jẹ mí lógún jù. Ẹ má yí aago ọwọ́ yín padà títí ẹ ó fi dé, kẹ́ ẹ lè máa fi aago ilé ka wákàtí oògùn. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bi dókítà yín bí ẹ ó ṣe máa lò ó tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà inú bàálù, kẹ́ ẹ lè máa dìde nà ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa mumi dáadáa.

Ó yẹ kẹ́ ẹ ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú laago 8 alẹ́. Èmi á ní kẹ́ ẹ kúrò ní Ṣágámù laago 3 ọ̀sán. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ tètè jáde jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Redeem.

Lórí tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ aago 3 òru yẹn dáadáa, ẹ ó rí “+1” kékeré kan. Ọjọ́ kejì ló ń sọ. Mo mọ ìyá kan tó jókòó lórí àpótí rẹ̀ ní Ìkẹjà títí ilẹ̀ fi mọ́, torí pé ẹni tó fẹ́ wá gbé e kò rí àmì náà. Tẹ́ ẹ bá gbéra lọ́jọ́ Sátidé, òru mọ́jú Sunday lẹ máa dé. Kí ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín mọ ọjọ́ náà dájú, kẹ́ ẹ sì dúró nínú pápákọ̀ kílẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó gba ọ̀nà màrosẹ̀ bọ̀ sílé.