Oòrùn ti jẹ ara ọkọ̀ ojú omi mi, ṣé ó ṣì lè dán?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ọkọ̀ ojú omi onífáíbà kan, àlòkù ni, aláwọ̀ búlúù, àmọ́ ó ti ṣá burúkú, tí mo bá fọwọ́ pa á lára ńṣe ni ìyẹ̀fun á yí mi lọ́wọ́. Mo fi wax kùn ún, ó dán gan-an, kò pẹ́ ló tún padà sí bó ṣe wà. Ṣé kí n kúkú kùn ún lọ́dà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra ọ̀dà o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ da omi sí i lára kẹ́ ẹ wò ó, tí búlúù yẹn bá jáde dáadáa nígbà tó tutù, a jẹ́ pé àwọ̀ gidi ṣì wà lábẹ́. Awọ tí wọ́n fi bo fáíbà, gelcoat ni wọ́n ń pè é, oòrùn ló ń jẹ òkè rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Orí ohun tó ti kú yẹn lẹ lọ kun wax sí, kò ṣáà lè pẹ́.

Ẹ máa gbo òkú ara yẹn kúrò ni, àmọ́ pẹ̀lú sùúrù o, torí gelcoat ò nípọn, ó sábà máa ń tó bí ìdajì mìlímítà péré, èyí tẹ́ ẹ bá sì ha kúrò ti lọ nìyẹn. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ́ wax àtijọ́ kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ wá fi rubbing compound, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń gbo ara nǹkan kó lè dán, gbo ibi kékeré kan tójú ò tó. Tó bá dán, ẹ ò nílò sáńpépà rárá, ẹ máa bá compound yín lọ. Tí ò bá dán lẹ tó máa mú sáńpépà olómi, nọ́ńbà 1000, lẹ́yìn náà 1500 tó kúnná jù ú lọ, kẹ́ ẹ tó padà sórí compound.

Abẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, díẹ̀díẹ̀, torí compound tètè ń gbẹ nínú oòrùn. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ lẹ fẹ́ lò, ẹ má jẹ́ kó sáré jù, ẹ má sì gbé e dúró lójú kan, ooru rẹ̀ lè jó gelcoat. Ẹ ó rí i tí búlúù á máa dì mọ́ irun tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn, ẹ máa gbọ̀n ọ́n dànù lemọ́lemọ́ àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọkọ̀, ẹ sì fi nǹkan bo imú. Etí àti igun ibẹ̀, ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi gbo ó, ibẹ̀ ni gelcoat ti máa ń kọ́kọ́ tán. Tẹ́ ẹ bá ti ń rí òwú fáíbà, gelcoat ti tán níbẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀dà lẹ lè wá máa sọ.

Tó bá ti dán, pólíìṣì ló kàn, kẹ́ ẹ tó wá kun wax, ẹ máa tún un kùn bí ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́dún torí àwọ̀ tó bá dúdú dáadáa ni ìṣá máa ń tètè hàn lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ní tapólì ẹ bò ó.

Ẹ sì bi ẹni tó tà á fún yín bóyá wọ́n ti kùn ún lọ́dà rí o. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi sáńpépà kàn án rárá, ọ̀dà fẹ́lẹ́ ju gelcoat lọ, pólíìṣì fúyẹ́fúyẹ́ lẹ máa fi dán an wò.