Ṣé amoxicillin lè rọ́pò abẹ́rẹ́ penicillin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi lóyún, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó ní sífílíìsì. Abẹ́rẹ́ penicillin ni dókítà kọ fún un, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ sì ń bà á gan-an. Ó ní ṣebí penicillin náà ni amoxicillin, pé òun á kúkú máa gbé kápúsù rẹ̀ mì. Ṣé kò sí ewu níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ewu wà níbẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó lọ gba abẹ́rẹ́ náà.

Òótọ́ ni pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn, wọ́n ní ká fi ìlẹ̀kẹ̀ oníke àti igi tín-ín-rín to penicillin. Òrùka méjì ló lẹ̀ mọ́ra wọn: ọ̀kan ní igun márùn-ún, imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, èkejì ò ju igun mẹ́rin lọ. Onígun mẹ́rin yìí dà mí láàmú lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ń tẹ igi rẹ̀ wọlé ló ń ta yọ, torí àyè ibẹ̀ há jù. Ibi tó há yẹn gan-an ni agbára oògùn wà. Tó bá ti kan èròjà tí kòkòrò àrùn fi ń mọ ògiri ara rẹ̀, òrùka náà á já, á sì lẹ̀ mọ́ èròjà ọ̀hún pinpin. Ògiri ò ní lè dúró mọ́, kòkòrò á bẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ara tiwa ò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Ìrù tó so mọ́ òrùka ni wọ́n fi yàtọ̀. Omi kíkan inú ikùn máa ń ba penicillin G jẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gún un. Ìrù amoxicillin ń jẹ́ kó la ikùn já wọnú ẹ̀jẹ̀. Ti cloxacillin, ọmọ ìyá wọn mìíràn, tóbi, ó sì ń dáàbò bo òrùka náà lọ́wọ́ àwọn kòkòrò tó mọ bí wọ́n ṣe ń já a.

Kòkòrò sífílíìsì kì í yára bí sí i. Ó tó nǹkan bíi wákàtí 30 kí ọ̀kan tó di méjì, torí náà oògùn gbọ́dọ̀ pẹ́ lára kó tó lè pa gbogbo wọn. Láàárín wákàtí mélòó kan, amoxicillin ti bá ìtọ̀ lọ. Àmọ́ benzathine penicillin, ìyẹn irú penicillin G tí wọ́n ṣe kó lè pẹ́ lára, tí wọ́n gún sínú ẹran ìdí á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Tí penicillin bá ti mú kí ara rẹ̀ wú tàbí kí èémí rẹ̀ há rí, kó sọ fún wọn kí wọ́n tó gún un. Kí ọkọ rẹ̀ náà lọ ṣàyẹ̀wò.